Bí A Ṣe Ń Kọ́ṣẹ́ Agbẹ̀bí Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá

Ọmọ àkọ́kọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi gbà, ọwọ́ ọ̀gá mi ló bo tèmi méjèèjì nígbà tí orí ọmọ ń yọ. Mo rántí bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n díẹ̀díẹ̀, láìsọ̀rọ̀, kí orí náà má baà já jáde lójijì kó sì fa ìyá ọmọ ya. Lónìí, èmi náà ti di ẹni tó ń fi ọwọ́ lé ọwọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọlé ni pé kí ojú àti etí kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ náà, ọwọ́ á tẹ̀ lé e.

Ẹ yẹ ilé ẹ̀kọ́ wò kí ẹ tó sanwó

Ní Nàìjíríà, Nursing and Midwifery Council of Nigeria ló ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti lè kọ́ṣẹ́ yìí. Kírédíìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ rí i dájú pé orúkọ yín dé ọ̀dọ̀ Council gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kò lè ṣe ìdánwò àṣekágbá. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọbìnrin tó ti lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan, tó ti wọ aṣọ funfun, tó ti gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, tó wá gbọ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé ọdún wọ̀nyẹn ò já mọ́ nǹkan kan lójú òfin. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ tètè dé, kí ẹ lè gbọ́ bí àwọn tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ṣe ń fa iṣẹ́ lé àwọn tó ń wọlé lọ́wọ́. Ẹ kí gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tó ń nu ilẹ̀. Ẹ mọ ibi tí nǹkan wà: ìbọ̀wọ́, sísọ́ọ̀sì àti ìdè ìwọ́, fíríìjì tí oxytocin wà (oògùn tó ń mú kí ilé ọmọ sún kì kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya; ooru máa ń pa agbára rẹ̀), àti báàgì tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọmọ tí kò mí. Ẹ dán báàgì yìí wò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọṣẹ́. Ẹ fi ìbòmú rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára pé afẹ́fẹ́ ń ti ọwọ́ yín. Ọmọ tí kò mí lẹ́yìn tí a nù ún gbẹ gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́ gbà láàárín ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́. Kò sí àyè láti máa wá báàgì kiri nígbà yẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bá aláboyún kan jókòó láti ìgbà tó wọlé títí tó fi bí. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrọ́jú o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, sístà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ṣé kí n bá yín jókòó?” Bó bá ní rárá, ẹ dúpẹ́, kí ẹ kúrò. Bó bá gbà, ẹ fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ẹ fún un lómi mu, ẹ bá a rìn. Ẹ máa gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń yí padà bí ìrọbí ṣe ń le sí i. Ìró kan wà tó máa ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun jáde nígbà tí ọmọ bá ti sọ̀ kalẹ̀ tí ìyá fẹ́ máa tì. Ẹni tó bá ti jókòó ti obìnrin mẹ́wàá á gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

Ọwọ́ lórí ikùn

Ọjọ́ kílíníìkì aláboyún ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀ èyí, torí ara ìyá balẹ̀. Kí ó lọ tọ̀ kó tó dùbúlẹ̀, kó ká orúnkún díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ra ọwọ́ kí ó móoru. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè ilé ọmọ: bí ohun tó wà níbẹ̀ bá rọ̀ tó sì fẹ̀, ìdí ọmọ ni, bó bá le, tó rí róbótó, tó ń mì láàárín ìka yín, orí ni, ẹ pe ọ̀gá. Ẹ wá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ̀gbẹ́ kan á tẹ́ gbọọrọ, ẹ̀yìn ọmọ nìyẹn. Ìkejì á rí gbágungbàgun, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣíwájú bọ̀ àti bó ṣe wọ ìbàdí tó.

Ẹ̀gbẹ́ tí ẹ̀yìn ọmọ wà ni kí ẹ gbé Pinard sí. Faransé kan, Adolphe Pinard, ló gbé ohun èlò tó dà bíi fèrè yìí jáde ní 1895; kò nílò iná, kò nílò bátìrì. Ẹ tẹ etí sí i, ẹ mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka di ọrùn ọwọ́ ìyá mú kí ẹ lè mọ bí ọkàn tirẹ̀ ṣe ń lù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún mi nígbà kan pé ọkàn ọmọ ń lù ní 92. Àyà mi já. Mo tẹ etí mi sí i, mo gbọ́ 138. Lílù ọkàn ìyá ló ti ń kà látọjọ́ yìí, kò sì di ọwọ́ ìyá mú tí ì bá fi mọ̀. Láàárín 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ kí ti ọmọ wà. Ẹ kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan.

Ẹ bá ọ̀gá yín ṣe àdéhùn kan, èmi ò mọ ẹ̀kọ́ tó tó o: ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ gbọ́, kí òun tó sọ tirẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ sọ ọ́, etí yín á kàn gbà pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ ni, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ẹ ti ṣìnà.

Ti yíyẹ ẹnu ilé ọmọ wò yàtọ̀. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ti tó fún ìyá tí ìrọbí rẹ̀ ń lọ déédéé, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ò gbọdọ̀ tò tẹ̀lé ara wọn lórí obìnrin kan nítorí pé wọ́n fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ẹnì kan ni kó bá ọ̀gá ṣe é, kí ìyá sì ti gbà.

Nígbà tí ọmọ bá ń bọ̀

Èmi máa ń mú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gba ìpele mẹ́rin. Á kọ́kọ́ wò mí. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ rẹ̀ á wà lórí tèmi. Lẹ́yìn náà, tèmi á bọ́ sórí tirẹ̀. Nígbà tó bá yá, màá kó ọwọ́ mi sẹ́yìn, màá dúró tì í. Bí ọ̀gá bá tì yín síwájú tí ẹ kò tíì ṣetán, ẹ sọ fún un, ẹ má tijú.

Bí orí bá ń yọ, ẹ ní kí ìyá dá títì dúró, kó máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, kí orí lè rọra jáde. Ẹ fi ìka wo ọrùn ọmọ bóyá okùn ìwọ́ wé mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró. Ibí ló nira jù: orí ti wà níta, ojú ọmọ ti ń dúdú díẹ̀, gbogbo ara yín á máa sọ pé kí ẹ fà á. Ẹ má fà á. Ìrora tó kàn ló máa yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká á sì tẹ̀ lé e. Bí èjìká kò bá wá, ẹ yàgò fún ọ̀gá lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ á lọ sórí ikùn ìyá, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹnì kan ka aago. Ẹ fọwọ́ wo ikùn kí ó dá yín lójú pé kò sí ọmọ mìíràn nínú (ilẹ̀ Yorùbá la wà, ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa), kí ẹ sì gún ìyá ní oxytocin yúnìtì 10 sí itan láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ara ọmọ bá le, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta kí ẹ tó di ìwọ́. Bí ibi ọmọ bá jáde, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ wò ó níwájú lẹ́yìn bóyá ó pé.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀

Ojú máa ń tan èèyàn jẹ lórí ẹ̀jẹ̀, pàápàá bó bá dà sórí aṣọ dúdú. Mílílítà 500 ni a ti ń kà sí ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ohun tí mo ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe nìyí: kí wọ́n ra píọ̀ wọ́tà kan, sẹ̀ǹtílítà 50 ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn mílílítà 500 gẹ́lẹ́. Kí wọ́n fi sóbò pa á láró, kí wọ́n dà á sórí ògbólógbòó ìró, kí wọ́n sì wò ó dáadáa. Kí wọ́n da òmíràn sínú bàsíà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gbà pé ọ̀kan náà ni. Ẹni tó bá ti ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta á tètè ké sí ọ̀gá rẹ̀.

Ìwádìí E-MOTIVE, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, fi hàn pé bí a bá ń fi ọ̀rá tó ní àmì òṣùwọ̀n gba ẹ̀jẹ̀, tí a sì ṣe ìtọ́jú gbogbo papọ̀ (fífọwọ́ ra ilé ọmọ, oxytocin, tranexamic acid tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá, omi sára, yíyẹ ìyá wò dáadáa), ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le àti wàhálà tó ń bá a rìn dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Ẹ béèrè bóyá ilé ìwòsàn yín ní irú ọ̀rá yìí.

Ìwé àkọsílẹ̀

Gbogbo ìbí tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín lọ́jọ́ náà, kí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ọmọ tí ẹ kàn wò, ẹ kọ pé ẹ wò ó. Èyí tí ẹ gbà, ẹ kọ pé ẹ gbà á. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo rí ẹni tó fọwọ́ sí ìbí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbà ju ọmọ mẹ́ta lọ. Obìnrin kẹrin ló máa jìyà irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó lọ sílé, ẹ tọrọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ ọ̀gá, ẹ béèrè ohun tí òun rí tí ẹ̀yin ò rí.

Ọjọ́ á wà tí ọmọ ò ní yè. Ẹ má sá fún ìyá rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ mú aṣọ tó mọ́ wá. Bí ẹkún bá gbọ̀n yín, ẹ bọ́ síta lọ bá ọ̀gá yín, òun náà ti sun irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìbí yẹn sínú ìwé bí ẹ ṣe ń kọ àwọn yòókù, pẹ̀lú aago àti gbogbo ohun tí ẹ ṣe.