Bí A Ṣe Ń Yan Kọ̀ǹpútà Tí Yóò Máa Gba Àwòrán Kámẹ́rà Sílẹ̀

Ẹni tó fẹ́ fi kámẹ́rà ṣọ́ ìsọ̀ àdìrẹ rẹ̀ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, sábà máa ń ra kámẹ́rà ná, kó tó ronú kan kọ̀ǹpútà tí yóò máa gba àwòrán sílẹ̀. Níbi tó bá ti lọ rà á, processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n máa yìn fún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yìn ín tán. Dísìkì, ibi tí àwòrán ń wà, àti iná ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé.

Ìṣirò ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ wo bitrate, ìyẹn ìwọ̀n dátà tí kámẹ́rà ń rán jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nínú sẹ́tíǹgì kámẹ́rà yín. Ká ní 4 Mbps (mẹ́gábíìtì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni. Ẹ fi 8 pín in, torí bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan, kí ẹ fi 86,400, iye ìṣẹ́jú-àáyá tó wà nínú ọjọ́ kan, sọ ọ́ di púpọ̀: 43,200 MB, bíi 43 GB, lójúmọ́ nìyẹn. Kámẹ́rà mẹ́jọ á gba bíi 346 GB. Tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú àwòrán 30 ọjọ́, ó ti lé ní 10 TB (1,000 GB ni TB kan). Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó 5 TB. Ẹ wá bi ara yín: tí ọjà bá sọnù, ọjọ́ mélòó ló ń gbà kí ẹ tó mọ̀? Ẹni tó ń ka ọjà rẹ̀ ní ìparí oṣù kò lè fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é.

H.264 àti H.265 jẹ́ ọ̀nà tí kámẹ́rà fi ń fún fídíò pọ̀ kó lè kéré. Tí kámẹ́rà bá ní H.265, ẹ lò ó dípò H.264; ó lè dín àyè náà kù tó ìdajì. Ẹ tún lè ṣètò rẹ̀ kó máa gba àwòrán nígbà tí ẹnì kan bá kọjá nìkan. Ó dáa lóru. Lọ́sàn-án ní Ìtòkú, ìgbà wo lèèyàn ò kọjá?

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yan dísìkì. Tọ̀sán-tòru ni kámẹ́rà ń kọ nǹkan sórí rẹ̀, torí náà ẹ má lo ti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì. WD Purple àti Seagate SkyHawk ni wọ́n ṣe fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ fi serial number yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó tà á. Tí 4 TB bá hàn bíi 3.6 lórí Windows, wọn kò rẹ́ yín jẹ. Bó ṣe ń kà á nìyẹn. Ètò kan wà tó ń jẹ́ RAID 1: ó ń kọ ohun kan náà sórí dísìkì méjì, kí ọ̀kan lè máa bá iṣẹ́ lọ tí èkejì bá kú. Ṣùgbọ́n olè tó bá gbé kọ̀ǹpútà ti gbé ẹ̀rí lọ, RAID tàbí kò sí RAID. Yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, tí atẹ́gùn ń wọ̀, ni kí ẹ gbé e sí.

Ó wá ku processor. Gbígba àwòrán sílẹ̀ kò ni ín lára. Wíwo kámẹ́rà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ó máa dá èèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí ewúrẹ́, ló ń ni ín lára. Tòkunbọ̀ Core i5 ìran kẹjọ àti RAM 8 GB tó fún kámẹ́rà mẹ́jọ tí ẹ kàn fẹ́ gbà sílẹ̀. Ẹ yẹra fún processor Intel tí lẹ́tà F parí orúkọ rẹ̀: kò ní graphics (apá tó ń gbé àwòrán jáde) nínú, kò sì lè lo Quick Sync, irinṣẹ́ Intel, láti tú fídíò. Ẹ ní kí wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó sanwó, torí púpọ̀ nínú àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò gbà ju dísìkì ńlá kan lọ.

Lórí switch PoE, ẹ̀rọ tó ń fi wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà fún kámẹ́rà ní iná, tó sì ń gba àwòrán rẹ̀, àpapọ̀ wáàtì tó lè fún wọn ni kí ẹ wò. Kámẹ́rà mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ 7 W lóru jẹ́ 56 W; switch náà gbọ́dọ̀ lè gbé e.

Iná ló kù. Ká ní kọ̀ǹpútà àti switch jọ ń jẹ 120 W, wákàtí mẹ́wàá láìsí iná jẹ́ 1,200 Wh. Bátìrì olómi 12 V, 200 Ah ní 2,400 Wh, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, inverter náà á sì jẹ tirẹ̀. Ọ̀kan kò ní bá yín di àárọ̀. Ẹ ra méjì. Ẹ wọ inú BIOS, ibi ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń wọ̀ kí Windows tó ṣí, kí ẹ ṣètò rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà máa tan fúnra rẹ̀ tí iná bá dé. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná pátápátá, inverter náà, kí ẹ tún un tàn láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Tí àwòrán bá tún ń wọlé, ẹ san ìyókù owó oníṣẹ́.