Bí Mo Ṣe Tún Hánẹ́ẹ̀sì Ìgùngi Mi Dè Títí Ó Fi Bá Mi Lára Mu

Igi máńgòrò kan wà ní Ẹ̀búté-Mẹ́tta, lẹ́bàá ojú irin, òun ni mo kọ́kọ́ fi hánẹ́ẹ̀sì gùn, ìyẹn ọ̀já tí agégi ń dè mọ́ ìbàdí àti itan láti fi rọ̀ sórí igi. N kò tíì lo ogún ìṣẹ́jú lókè tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti kú tipiri. Ọ̀já ìbàdí ti sún gòkè, ó ń há mi níhà, tìtan sì ti wọ abẹ́ mi lọ. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Ẹ̀ka tó yẹ kí n fi okùn so kí n tó gé e, mo gé e bẹ́ẹ̀, ó sì fì lọ gbá ògiri onílé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀. Nígbà tí mo bọ́ ṣòkòtò lálẹ́, ojú ọ̀já ti wú sí itan mi bí ojú pàṣán.

Ọmọ adẹ́mu ni mí. Igbà ni bàbá mi fi gun ọ̀pẹ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn, mo sì rò pé ẹni tó bá mọ igbà ti mọ hánẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lórí igbà, ẹsẹ̀ ń tẹ ara ọ̀pẹ, ẹ̀yìn ń fà sẹ́yìn, àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé ara. Adẹ́mu kì í sì í pẹ́ lójú kan. Nínú hánẹ́ẹ̀sì, ńṣe lèèyàn jókòó sínú ọ̀já, tó ń rọ̀ dirodiro fún wákàtí kan, nígbà mìíràn méjì.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe iṣẹ́ igi gígé ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ló fi hánẹ́ẹ̀sì náà ránṣẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nǹkan yìí fẹ́ẹ̀ gé mi lẹ́sẹ̀." Wọ́n ní báwo ni mo ṣe wọ̀n ọ́n. Mo ní mo dúró níwájú dígí ni. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé ìdúró lo máa ń dúró lókè igi? Lọ jókòó sínú rẹ̀ nísàlẹ̀ ná, kí ẹsẹ̀ rẹ má kan ilẹ̀."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ju okùn sórí ẹ̀ka gidi kan lára igi fúrúùtù tó wà nínú ọgbà wa ní Akọka. Ṣòkòtò iṣẹ́ ni mo wọ̀, nítorí pé ohun tó bá ara mu lórí ṣòkòtò péńpé lè há lórí èyí tó nípọn. Mo kó gbogbo ohun tó wà lápò mi kúrò. Kọ́kọ́rọ́ ilé wà lára ohun tó ń gún mi nítan lọ́jọ́ máńgòrò yẹn. Mo fi ìka tọ gbogbo ojú rírán, mo wò ó bóyá ibì kan ti ya tàbí jóná, mo sì ka ìwé pélébé tí wọ́n rán mọ́ ọn, tí wọ́n kọ nọ́ńbà ìlànà ààbò ilẹ̀ Yúróòpù sí: EN 813, ti ohun tí a ń jókòó rọ̀ sínú rẹ̀, àti EN 358, ti èyí tí a fi ń fara ti igi ṣiṣẹ́. Ẹ má ra èyí tí kò ní ìwé yìí lára, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Mo tú gbogbo ìdè sílẹ̀ pátá. Ìbàdí ni mo kọ́kọ́ dè, sókè egungun ìbàdí díẹ̀, kó má bàa yọ̀ wálẹ̀. Mo fún un títí ó fi ku àyè àtẹ́lẹwọ́ nìkan. Òrùka irin ọ̀tún àti tòsì gbọ́dọ̀ jìnnà bákan náà sí ìdodo. Tèmi ti wọ́ sápá ọ̀tún láti ọjọ́ yìí, n kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo de itan: àtẹ́lẹwọ́ wọlé, ẹ̀ṣẹ́ kò wọlé. Mo lóṣòó, mo gbé orúnkún sókè, kò dí mi lọ́wọ́.

Ni mo bá jókòó sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ mi fi gíga búlọ́ọ̀kù kan kúrò nílẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ọ̀já ìbàdí tún sún lọ síhà. Mo ti fẹ́ fún un sí i, kí ìyá onílé wa tó ń wò wá látẹnu ọ̀nà tó ní, "Ọ̀já tó wà lábẹ́ ìdí ọmọ ló ń gbé ọmọ o. Tòkè kàn ń dì í mú ni." Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Àwọn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tó so ìbàdí mọ́ itan ti gùn jù, torí náà itan kò gbé mi rárá. Mo dín wọn kù, mo sì gbé ọ̀já itan wá síbi tí ìdí àti itan ti pàdé. Nígbà tí mo tún jókòó, ìbàdí dúró síbi tí mo fi í sí.

Ó ku okùn kúkúrú iwájú, èyí tó so òrùka méjèèjì pọ̀, tí a ń fi okùn ìgùngi kọ́ sí. Ó kúrú, ó sì ń fa òrùka méjèèjì wọnú, ohun tó ń há mi níbàdí gan-an nìyẹn. Mo fi bí ìka mẹ́rin kún un, ìnira náà sì lọ. N kò jẹ́ kó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ tó kókó okùn láì nà gan-n-ran. Mo wá fi ayùn kọ́ apá ọ̀tún; ó fà á wálẹ̀ díẹ̀, mo tún ìdè ọ̀tún fún.

Àbúrò mi kò kúrò lọ́dọ̀ mi ní gbogbo àkókò yìí. Ẹni tó bá rọ̀ jẹ́ẹ́ sójú kan láì mira, ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ sẹ́sẹ̀ rẹ̀ débi tí á fi dákú, bó jẹ́ búlọ́ọ̀kù kan péré ló fi kúrò nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a ṣe.

Lọ́jọ́ Ajé, mo padà sídìí máńgòrò Ẹ̀búté-Mẹ́tta. Mo lò ju wákàtí kan lọ lókè, gbogbo ẹ̀ka tó kù ni mo fi okùn so kí n tó gé e, a sì ń sọ wọ́n kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí mo délé tí mo bọ́ ṣòkòtò, ìlà tó wà nítan mi kò ju ojú ìbọ̀sẹ̀ lọ.