Omi Tí Wọ́n Pè Ní Distilled Ló Jẹ Owó Mi

Gíráàmù 25 péré ni silver nitrate, kẹ́míkà tí a fi ń wá iyọ̀ nínú omi, tí mo rà, iye rẹ̀ sì ju ìlọ́po méjì ohun tí mo fọkàn sí. Mo mọ̀ pé fàdákà ló wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n àpò ara mi ló ti jáde. Kíkọ́ni ni wọ́n gbà mí fún nílé ẹ̀kọ́ tí mo wà ní Ẹ̀pẹ́: kọ́ọ̀sì márùn-ún, kò sówó ìwádìí.

Ọ̀sà Lẹ́kì ní ìlà-oòrùn wa kò níyọ̀. Ọ̀sà Èkó ní ìwọ̀-oòrùn kan òkun. Èmi àtàwọn ọmọ ọlọ́dún kẹrin mẹ́ta fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. A wọ ọkọ̀ ojú omi, a bu omi, a padà sí láàbù. Ìyẹn ò nítàn.

Nínú láàbù, a ó bu omi ọ̀sà díẹ̀, a ó fi omi distilled (omi tí wọ́n gbà látinú oru, tí kò yẹ kó níyọ̀) lé e kó pé 100 mL, a ó fi potassium chromate díẹ̀ sí i kó ní àwọ̀ ìyeyè, a ó wá máa kán silver nitrate sí i títí àwọ̀ náà á fi pọ́n bíi bíríkì. Bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni èyí tí a ó kán ṣe máa pọ̀ tó. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, gbogbo ibi la ti ń rí iyọ̀, títí kan apá ọ̀sà Lẹ́kì. Inú mi dùn! Mo ti ń ro àkọlé ìwé tí n ó kọ.

Àfi ìgbà tí èyí tó dákẹ́ jù nínú àwọn ọmọ náà (silver nitrate ti sọ ìka ẹ̀ di dúdú, ìyá ẹ̀ rò pé ó ti ń pa aró) sọ pé, "Ẹ má bínú, ma. Omi distilled yẹn ńkọ́? Ṣé a ti yẹ òun náà wò?"

Díẹ̀ ló kù kí n jágbe mọ́ ọn. A kán silver nitrate sí omi náà, ló bá funfun bí omi ògì, àmì pé iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Omi kànga lásán lẹni tó ń tà á fáwọn oníbátìrì mọ́tò rọ sínú ìgò! Omi náà sì ti sọ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi po kẹ́míkà náà, tó ṣú. Mo ní ìgò ni ò mọ́. Ìdajì owó mi ti wọgbó.

Ẹ̀rọ tó ń ṣe omi distilled ní láàbù wa ti jóná kí n tó débẹ̀. A gbé omi kaná lórí gáàsì, a fi kọ̀ndẹ́ńsà onígíláàsì (túùbù tí omi tútù ń gbà kọjá kí oru lè di omi) gba oru ẹ̀. Ẹ̀rọ omi ò yọ, ìyẹn làwọn ọmọ fi ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì pọnmi tútù gun orí àga, tí rọ́bà ń fà á sọ̀ kalẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, a ò rí ju lítà méjì lọ. Àmọ́ nígbà tí a kán silver nitrate sí i tó mọ́ gaara, àwọn ọmọ hó yèè, èmi náà sì hó.

Nígbà tí a tún gbogbo ẹ̀ ṣe, iyọ̀ apá Lẹ́kì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Àkọlé mi náà bá a lọ.

Bí mo bá tún un ṣe, ọmọ ọlọ́dún kẹta ni n ó mú. Ìgbà tí ọwọ́ tàwọn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ni wọ́n di àgùnbánirọ̀, tó fi mọ́ ọlọ́wọ́ dúdú. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi, ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo ní káwọn tuntun kọ́kọ́ kà: "Ẹ yẹ omi wò ná."