Bí àgbà tó padà sílé ìwé ṣe ń kó máàkì jọ kí ìdánwò tó dé

Ẹ ti gba fọ́ọ̀mù, ẹ ti sanwó, ẹ ti forúkọ sílẹ̀. Ìyẹn ò le. Ì báà jẹ́ yunifásítì Àgọ́-Ìwòye, ì báà jẹ́ ti Ìjàgún, asáínmẹ́ǹtì ló ń dá ọ̀pọ̀ àgbà padà sídìí ọjà.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín máàkì. Ní National Open University, asáínmẹ́ǹtì tí wọ́n ń pè ní TMA ló ni 30 nínú 100; ìdánwò ló ni 70 tó kù. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò ọjà. Bó bá jẹ́ pé 45 lẹ fi máa yege, ẹni tó ti ní 24 lápò, 21 péré ló ń wá. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan máa wá odidi 45 nínú 70, lọ́jọ́ tí mọ́tò lè dákú lójú ọ̀nà Ṣágámù.

Ẹ fi bírò pupa sàmì sí ọjọ́ tí wọ́n máa gba asáínmẹ́ǹtì lára kàlẹ́ńdà. Kàlẹ́ńdà régbérégbé ọkọ mi lèmi ń lò, ojú ibẹ̀ fẹ̀. Ẹ sàmì sí ọjọ́ márùn-ún ṣáájú, torí pọ́tà, ìyẹn ojú ewé ilé ìwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣí dáadáa lọ́jọ́ tí gbogbo ayé bá rọ́ lù ú.

Ó wá ku kíkọ ọ́. Ibí ni wàhálà wà. Ẹ má gbé e fún ọmọ kàfé tó ń bá èèyàn tẹ̀wé! Nígbà tí mo ń ṣe sandwich, ìyẹn ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ bíi tíṣà ń kà nígbà ìsinmi, àwa mẹ́rin la gbé tiwa fún ọmọkùnrin kan. Ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó fi ike bò ó, ó rẹwà. Nísàlẹ̀ ojú ewé kẹta, nọ́ńbà mátíríìkì ẹlòmíì ló wà níbẹ̀, lára iṣẹ́ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òdo la gbà. Mẹ́ta nínú wa, tíṣà ni.

Àti pé ẹni tó bá yín kọ ọ́ kò ní bá yín wọ gbọ̀ngàn. Asáínmẹ́ǹtì ló ń jẹ́ kí àgbà tó ti fi ìwé sílẹ̀ láti ogún ọdún mọ ibi tí kò yé òun, nígbà tí àyè àtúnṣe ṣì wà.

Ẹ ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi nǹkan méjì wéra, tí ẹ wá ń ṣàlàyé ọ̀kan lọ gbọọrọ, ìdajì máàkì ti lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Yorùbá dá ara yín lóhùn, kí ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Ìdí gààrí ni mo ti ń ṣe tèmi. Ẹ wá àpẹẹrẹ nídìí òwò yín. Obìnrin kan fi ìwé gbèsè àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣàlàyé ìṣirò owó, olùkọ́ fà á ní ilà méjì pé ó dáa. Alẹ́ ni kí ẹ tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ẹ̀yìn ìwé tí kàfé fẹ́ dànù tó láti kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Ẹ má ra láptọ́ọ̀pù nítorí èyí.

Bí wọ́n bá dá a padà, ẹ má wo máàkì nìkan kí ẹ ká a pamọ́. Ẹ ka ohun tí olùkọ́ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ tún ibẹ̀ kọ lọ́jọ́ náà.

Kíláàsì ńkọ́? Ẹ lọ ni. Ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í jẹ́ kí ẹni tí kò wá 75 nínú kíláàsì 100 jókòó ṣèdánwò.

Tó bá jẹ́ orí pọ́tà lẹ ti fi ránṣẹ́, ẹ ya àwòrán ojú fóònù níbi tó ti kọ ọ́ pé ó ti wọlé, kí ẹ fi sí WhatsApp ọmọ yín. Ẹ má pa á rẹ́ títí èsì yóò fi jáde.