Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Ọmọ Kíláàsì Mi ní Lílo Ìwé Atúmọ̀ Èdè Yorùbá

Ọmọ tó ń sọ Yorùbá láti kékeré kì í gbà pé òun nílò díkíṣọ́nárì Yorùbá. Ti Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kó ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá wọ kíláàsì JSS 2 tí mò ń kọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Mà, ṣé a ò gbọ́ Yorùbá ni?" Mo ní kí wọ́n sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín "tẹjú mọ́" àti "kẹjú mọ́" fún mi. Olúkúlùkù ń wo ẹnì kejì rẹ̀. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà tí mo gbé e gbà, torí ọ̀pọ̀ wa tí à ń kọ́ Yorùbá ló máa ń ní kí ọmọ lọ wo ọ̀rọ̀ nínú ìwé láìtíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wò ó.

Orí álífábẹ́ẹ̀tì ni mo ti mú un. Lẹ́tà 25 la ní: kò sí c, q, v, x àti z, ẹ tẹ̀ lé e, gb tẹ̀ lé g, ọ tẹ̀ lé o, ṣ tẹ̀ lé s. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n kọ lórin, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ṣí ìwé báyìí, ètò ti Gẹ̀ẹ́sì ni ọwọ́ wọn máa ń tẹ̀ lé. Mo gé kádíbọ́ọ̀dù, mo kọ ọ̀rọ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: àga, aṣọ, agbádá, adé, asán, àgùntàn, àjà. Mo pín wọn fún ọmọ méje, mo ní kí wọ́n tò níwájú pátákó bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe máa tò wọ́n. Adé àti àga ò yọ wọ́n lẹ́nu. Àmọ́ ọmọ tó mú agbádá bọ́ síwájú àgùntàn, ó ní b ló wà ní ipò kẹta lára ọ̀rọ̀ tòun, pé u ni ti àgùntàn. Ọmọbìnrin tó mú àgùntàn ní rárá o, gb kì í ṣe lẹ́tà méjì, lẹ́tà kan ṣoṣo ni, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní g lásán gbọ́dọ̀ kọjá tán kí gb tó dé. Wọ́n fà á títí, àwọn tó jókòó náà pín sí méjì. Mi ò dá sí i. Ìgbà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ álífábẹ́ẹ̀tì tán sójú pátákó ni agbádá tó bọ́ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ asán àti aṣọ ò sì la ariwo lọ mọ́.

Kí olùkọ́ tó ṣe irú èyí, kó kọ́kọ́ yẹ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wò, bóyá ẹni tó ṣe é ya gb sọ́tọ̀ ni tàbí ó tò ó mọ́ g, àti irú ọ̀rọ̀ tó máa ń fi ṣáájú tí ohùn bá yàtọ̀. Ti ohùn yìí, igba, igbá, ìgbà àti igbà ni mo fi kọ́ wọn. Ẹni tí kò bá lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó ń wá, kò tíì mọ ohun tó ń wá.

Ibi tó gbà wá lákòókò jù ni títú ọ̀rọ̀ palẹ̀. Ọ̀rọ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà nínú ìwé. Ọmọ kan ń wá "létí" lábẹ́ l, kò rí i, ó ti fẹ́ pa ìwé dé. Ní àti etí ló sún kì di létí. Bákan náà ni kọ́lé jẹ́ kọ́ àti ilé, tí ṣíjú sì jẹ́ ṣí àti ojú. Mo wá kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: "Elépo náà ba ọjà jẹ́ mọ́ aláta lọ́wọ́, ó sì tan oníbàárà rẹ̀ jẹ." Mo ní kí wọ́n má tíì ṣí ìwé rárá, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n máa wò fún mi ná. Elépo àti aláta yá: oní ló pàdé epo, oní ló pàdé ata. "Ba ọjà jẹ́" ló dá wọn dúró. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni "ba" àti "jẹ́", àbọ̀ ló wọ àárín wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ sì máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, nítorí náà "bà" lọmọ gbọ́dọ̀ wá, kì í ṣe "ba". Nígbà tí wọ́n mú èyí dé orí "tan oníbàárà rẹ̀ jẹ", ọmọ kan láti ẹ̀yìn ló pariwo pé, "Tàn! Tànjẹ!" Inú mi dùn gan-an. Gírámà tí à ń kọ́ wọn látọjọ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ wúlò fún wọn ni.

Àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, náà wà ńbẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè tí CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Ìjọ Áńgílíkà, kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1913 ṣì wà nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn, R. C. Abraham, onímọ̀ èdè, sì gbé tirẹ̀ jáde ní 1958. Àwọn méjèèjì ti wà kí ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ẹni tó bá ń wá ayé, ènìyàn àti ẹyẹ nínú ìwé àtijọ́, kó máa wo aiye, enia àti ẹiyẹ. Mo lẹ àtẹ kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan fún èyí, a sì kọjá lọ.

Wọn ò mọ ẹni tó la ọ̀nà yìí fún wa, mo bá sọ fún wọn. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà èwe, ló tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tó sì tún un ṣe ní 1852. Ọdún 1852 yẹn náà ni Peter Mark Roget gbé thesaurus rẹ̀ jáde ní ìlú London, ìwé tó kó ọ̀rọ̀ jọ nípa ìtumọ̀ tó jọra dípò álífábẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi ní irú èyí ní Yorùbá, mi ò sì rí èyí tó bá ọjọ́ orí wọn mu níbi tí mo ti ń ra ìwé, la bá ṣe tiwa sára ògiri. Abẹ́ "wò" la ti bẹ̀rẹ̀: yẹ̀ wò, ṣíjú wò, bojú wẹ̀yìn, yọjú, tẹjú mọ́, kẹjú mọ́. Ọmọ kan á dìde, á fi ojú ṣe é, àwọn yòókù á sọ èyí tó jẹ́.

Àkójọ ọ̀rọ̀ tó jọra léwu o, tí a ò bá kọ́ wọn ní ààyè ọ̀rọ̀. Abẹ́ "kú" la ti rí i. Wọ́n kó papòdà jọ, wọ́n kó jáde láyé, gbẹ́mìí mì, jẹ́ Ọlọ́run nípè, wàjà. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ kan kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé, "Ajá wa wàjà." Mo bi kíláàsì pé ta ló ń wàjà. Ọba ni. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kì í gun ògiri wa láìjẹ́ pé wọ́n kọ ẹni tàbí ohun tó tọ́ sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni funfun ṣe ní báláú tirẹ̀, tí pupa sì ní fòò, tí ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ wọn.

Nínú ìwé nóòtì wọn, gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun ní ààyè mẹ́rin: ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì ohùn, gbólóhùn tí wọ́n ti bá a pàdé, ìtumọ̀ tó bá gbólóhùn yẹn mu, àti gbólóhùn tiwọn. Ẹ̀kẹta ni mo máa ń tẹnu mọ́. Ẹ wo "dá": a ń dá oko, a ń dá ẹjọ́, a ń dá ọjọ́ ìpàdé, a ń dá owó jọ. Ọmọ tó bá ṣáà mú ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tó rí, á ṣi ọ̀rọ̀ gbé ni.

Mo tún ní kí wọ́n máa bi àgbà ilé léèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ọmọ kan tí àwọn ará ilé ìyá rẹ̀ ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn mú "omù" wá, ohun tí ẹsẹ̀ ahunṣọ máa ń fà kí òwú lè là sí méjì, ó sì mú "ọ̀kọ̀" tí wọ́n ń jù gba àárín òwú náà kọjá. Gbogbo kíláàsì ti mọ ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń lò. Wọ́n yára ṣí ìwé láti wò ó bóyá ti ahunṣọ náà wà níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo rán wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, ẹ̀dà kan fún ọmọ mẹ́rin ti tó. Bí wọ́n bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kan á máa ṣí ìwé, àwọn yòókù á máa wòran. Kó sì jẹ́ ọmọ tó ń ṣí i lónìí kọ́ ni yóò ṣí i lọ́la.