Ẹ̀fọ́ Ẹ̀yìnkùlé Lásìkò Ọ̀wọ́n

Nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Èkó àti Ògùn lópin oṣù Kẹta ọdún 2020, ẹni tó ní ewúro lẹ́yìnkùlé kò wá ẹni tí yóò bá òun dé ọjà. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ gòkè, ẹ̀fọ́ inú agbọ̀n náà sì bá a gòkè. Ẹni tí kò ní ju ẹ̀gbẹ́ ògiri tàbí iwájú ilé lọ la kọ ìwé yìí fún.

Ẹ má fi tòmátì bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wu gbogbo èèyàn, àmọ́ àìsàn rẹ̀ pọ̀. Ní 2016, kòkòrò tí wọ́n sọ ní "Ebola tòmátì" ba oko jẹ́ ní Kàdúná lọ́wọ́ àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ jẹ. Ohun tí ìkòkò yín ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìn.

Àwọn tí kò gba irúgbìn

Gbúre ló rọrùn jù. Bí ẹ bá já ewé èyí tí ẹ rà lọ́jà tán, ẹ má da igi rẹ̀ nù. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka ọwọ́, ẹ ri ìdajì rẹ̀ bọ ilẹ̀ tútù. Ibi tó ní ibòji díẹ̀ kò ní kó má hù. Bí ẹ bá ṣe ń gé e ló ń pẹ̀ka.

Ti ewúro, igi tó ti gbó ni kí ẹ gé, kì í ṣe ọ̀mùnú, kó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ rì í kó dagun díẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ kíyè sí orí àti ìdí igi náà o: ẹni tó bá dorí rẹ̀ kodò á máa bomi rin igi gbígbẹ.

Ewédú àti tẹ̀tẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló ń fọ́n irúgbìn ewédú tí kò hù, tí wọ́n á ní ẹni tó tà á fún àwọn ti rẹ́ àwọn jẹ. Èèpo rẹ̀ ló le, omi kò rí ibi wọlé. Ẹ di irúgbìn náà sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ gbé omi kaná, bó bá ti hó kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀, ẹ rọra kà dé márùn-ún, ẹ fà á yọ, ẹ sọ ọ́ sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ ti sè é nìyẹn. Ẹ sá a síbi ibòji kó gbẹ díẹ̀, ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, bí ẹ bá fọ́n ọn lásán, ojú kan ni yóò dà sí. Ẹ po ṣíbí kékeré kan mọ́ ẹ̀kúnwọ́ yanrìn gbígbẹ bíi mélòó kan, ẹ fọ́n ọn sínú poro tẹ́ẹ́rẹ́, kí iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ ó fi bò ó má nípọn. Láàárín ọjọ́ 5 ẹ ó rí i. Èyí tó bá fún ara wọn pọ̀, ẹ fa díẹ̀ tu kí ẹ fi se ọbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ẹ lè máa fa ìyókù tu, tàbí kí ẹ gé orí rẹ̀ kó tún rúwé.

Ẹni tó bá súnmọ́ Ìbàdàn lè béèrè irúgbìn ní NIHORT, ilé ìwádìí ẹ̀fọ́ àti èso tó ti wà láti 1975.

Ilẹ̀, àpò àti ewúrẹ́

Àpò ìrẹsì tàbí ike ọ̀dà tí ẹ fọ̀ dáadáa tó. Ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀. Ibi tí omi bá dá dúró sí, gbòǹgbò á jẹrà. Ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n méjì sí ìgbẹ́ adìyẹ ìwọ̀n kan. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ń jó ẹ̀fọ́, nítorí náà ẹ kó o jọ síbi ibòji, ẹ bò ó títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ má gbin ẹ̀fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà tàbí ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń da ọ́ìlì nù, torí ewé ń fa ohun tó wà nílẹ̀ mọ́ra.

Ewúrẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́, ṣáájú kòkòrò. Ẹ fi àwọ̀n tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí i ká kí ẹ tó gbìn, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́ tán. Ní ti kòkòrò, ẹ fọwọ́ ṣà á láàárọ̀, kí ẹ gbọn eérú igi sórí ewé nígbà tí ìrì ṣì wà níbẹ̀. Oògùn apẹ̀fọn inú ilé kì í ṣe ohun tí à ń fín sí ẹ̀fọ́ jíjẹ rárá.

Ẹ fi ìdí ewédú bíi mẹ́ta sílẹ̀, ẹ má já a mọ́. Bí èso rẹ̀ bá gbẹ lórí igi, ẹ ká a kó tó là, ẹ gbọn irúgbìn rẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ bu eérú díẹ̀ sí i, ẹ dé e pinpin. Òun náà á gba inú omi gbígbóná kọjá kí ẹ tó gbìn ín.