Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì aláìlówáyà fún géèmù: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo gbé hẹ́dísẹ́ẹ̀tì aláìlówáyà àkọ́kọ́ mi wálé, mo jókòó síwájú PS5, kọ́ńsóòlù (ẹ̀rọ géèmù) mi, fún odidi wákàtí kan, mò ń tẹ bọ́tìnnì ìsopọ̀, mò ń pa á, mò ń tún un tàn. Iná ń ṣẹ́jú létí rẹ̀. Kọ́ńsóòlù kọ̀ jálẹ̀. Àbúrò mi tó ti ń wò mí láti ẹ̀yìn wá béèrè pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ka ẹ̀yìn páálí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó?" N kò kà á. "Wireless" gàdàgbà ni mo rí níwájú páálí, mo sì rò pé ó ti parí síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà. Òótọ́ ni pé kò sí wáyà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ohùn lè gbà rìn nínú afẹ́fẹ́ ju ẹyọ kan lọ, kọ́ńsóòlù kọ̀ọ̀kan ló sì ní èyí tó ń gbà àti èyí tí kì í dá lóhùn rárá. Èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi fúnra mi ti ṣe é rí.

Ẹ má ra ti Bluetooth nítorí pé ó bá fóònù yín ṣiṣẹ́

PS4 àti PS5 kì í gba hẹ́dísẹ́ẹ̀tì Bluetooth wọlé tààrà. Xbox One, Xbox Series X àti Series S náà kì í gbà á. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé Bluetooth wà nínú PS5 lóòótọ́, òun ló fi ń bá páàdì sọ̀rọ̀. Sony kàn ò ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ni. Microsoft ní tirẹ̀ ní ètò rédíò kan tó ń jẹ́ Xbox Wireless, èyí tí páàdì àti àwọn hẹ́dísẹ́ẹ̀tì kan fi ń bá Xbox sọ̀rọ̀ láìlo Bluetooth.

Nintendo Switch ló yàtọ̀, òun náà ò sì tètè yàtọ̀. Oṣù kẹta ọdún 2017 ló jáde, ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 kí àtúnṣe sọ́fítíwíà 13.0.0 tó jẹ́ kó máa gba ohùn Bluetooth. Síbẹ̀ náà, máìkì Bluetooth kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Páàdì tí ẹ lè so mọ́ ọn nígbà yẹn ò ní ju méjì lọ. Bí ẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ eré tó ń so Switch yín pọ̀ mọ́ ti ọ̀rẹ́ yín nínú yàrá kan náà, ohùn Bluetooth á já.

Àwọn kan á ní kò burú, àwọn á so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mo dán an wò. Ohùn jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n máìkì di ẹrù lásán, torí ọ̀rọ̀ ẹnu yín ò ní ọ̀nà tó máa gbà láti tẹlifíṣọ̀n padà sínú kọ́ńsóòlù. Ìyẹn ò tíì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pípẹ́ tí ohùn ń pẹ́. Bluetooth lásán sábà máa ń fi ohùn sẹ́yìn ní bíi mílísẹ́kọ́ńdì 150 sí 250. Ẹ jẹ́ ká mú 200, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Géèmù tó ń gbé àwòrán 60 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti fi àwòrán 12 kọjá kí ohùn tó dé etí yín. Ẹsẹ̀ tí ẹ gbọ́ lẹ́yìn ògiri, ẹni tó ni ín ti yọ sí yín, ó ti yìnbọn, ẹ ti kú, kí ẹ tó gbọ́ pé ó ń bọ̀.

Ẹ lè wá béèrè pé kí ló dé tí èyí kì í da fíìmù láàmú. Nígbà tí a bá ń wo fíìmù, ẹ̀rọ lè dá àwòrán dúró díẹ̀ kí ohùn bá a. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún géèmù, nítorí ọwọ́ yín ni àwòrán ń dá lóhùn. Bó bá dá a dúró, ńṣe ni páàdì á dà bí ẹni tí oorun ń kùn.

Àlèébù kan tún wà tí kò hàn síta. Nínú Bluetooth àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ṣì ń lò, ìgbà tí máìkì bá ti ṣí ni ohùn tó ń bọ̀ sí etí yín á balẹ̀ di ti ìpè fóònù: etí méjèèjì á máa gbọ́ nǹkan kan náà, ohùn á sì há sí imú. Ọ̀tún ò ní yàtọ̀ sí òsì mọ́. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn wá ọ̀tá?

Èyí tí ẹ ń wá ni hẹ́dísẹ́ẹ̀tì tó ní dongle tirẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí a ń ki bọ ojú USB kọ́ńsóòlù, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìgbì rédíò 2.4 GHz. Pípẹ́ tirẹ̀ sábà máa ń wà láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 20 sí 40, etí ò sì lè fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bó bá tún ní Bluetooth mọ́ ọn, ó dáa, ẹ ó lè gba ìpè fóònù láàárín eré. Àfikún ni Bluetooth níbẹ̀, ẹ má torí rẹ̀ rà á.

Ẹ má gba orúkọ tó wà níwájú páálí gbọ́

Ẹ ó rí páálí tó to orúkọ PlayStation, Xbox, Switch, kọ̀ǹpútà àti fóònù sílẹ̀ bí ìlà ọjà. Ẹ yí i sẹ́yìn. Nínú lẹ́tà wínníwínní lẹ ó ti rí i pé méjì péré nínú wọn ló ń bá ṣiṣẹ́ láìsí wáyà, pé wáyà 3.5 mm lẹ ó fi so ó mọ́ páàdì àwọn yòókù. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Wọn ò kàn sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ni.

Èyí tó ń dun èèyàn jù ni ọ̀rọ̀ Xbox. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì aláìlówáyà tí Microsoft ò bá fún ní àṣẹ, Xbox ò ní dá a mọ̀, bó ti wù kó dára tó. Nítorí náà, èyí tí wọ́n ṣe fún PlayStation ò ní ṣiṣẹ́ láìlówáyà lórí Xbox, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe fún Xbox máa ń ṣiṣẹ́ lórí PlayStation àti kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Bí kọ́ńsóòlù méjèèjì bá wà nílé yín, tàbí bí ẹ bá rò pé ẹ lè pààrọ̀ lọ́jọ́ kan, èyí tí wọ́n kọ Xbox sí lára ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ rántí pé irú kan wà fún Xbox tí kò ní dongle rárá: bọ́tìnnì ara kọ́ńsóòlù àti ti ara hẹ́dísẹ́ẹ̀tì lẹ ó tẹ̀ kí wọ́n mọ ara wọn. Ìyẹn ò ní bá PlayStation ṣe ohunkóhun.

Ẹ wo ara dongle dáadáa pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wọn ní bọ́tìnnì tín-ínrín kan tí a ń fi èékánná tì, Xbox lápá kan, PS lápá kejì. Mo mọ ẹnìkan tó dá hẹ́dísẹ́ẹ̀tì padà lẹ́ẹ̀mejì pé ó ti bàjẹ́. Apá Xbox ni bọ́tìnnì yẹn wà ní gbogbo àsìkò náà, PS5 ló sì ń lò.

Ẹ má sì jẹ́ kí dongle sọnù. Ti ilé-iṣẹ́ mìíràn ò ní bá a mu, kì í sì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń tà á lọ́tọ̀. Bó bá ti lọ, hẹ́dísẹ́ẹ̀tì yín ti di ti oníwáyà.

Ẹ má ki dongle bọ ojú tó bá ṣáà ṣí sílẹ̀

Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohùn mi ń já wọ́rọ́wọ́rọ́ bí ẹni ń fa ike ya. Kì í já ní gbogbo ìgbà. Ó ṣe díẹ̀ kí n tó ṣàkíyèsí pé ìgbà tí iná ara háàdì dísìkì ìta bá ń ṣẹ́jú ni. Ojú USB tó kàn dongle gbàgbà ni mo ki háàdì dísìkì náà bọ̀.

USB 3.0 ló ni ariwo yẹn. Intel ti gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ láti ọdún 2012, pé ojú USB 3.0 àti wáyà rẹ̀ máa ń tú ariwo rédíò jáde ní agbègbè 2.4 GHz gan-an níbi tí dongle ti ń tẹ́tí. Ojútùú rẹ̀ kò le: ẹ gbé dongle lọ sí ojú tó wà níwájú kọ́ńsóòlù, tàbí kí ẹ fi wáyà àfikún USB kékeré gbé e jìnnà díẹ̀, síbi tí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ti lè rí i. Ẹ má fi í pamọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Bí ráútà Wi-Fi bá tún wà nítòsí, ẹ gbé kọ́ńsóòlù lọ sórí 5 GHz tàbí kí ẹ lo wáyà LAN, kí ọ̀nà 2.4 GHz lè rọrùn.

Ẹ má ṣe ohùn 3D lẹ́ẹ̀mejì

PS5 ní Tempest 3D AudioTech nínú ara rẹ̀. Xbox ní Windows Sonic lọ́fẹ̀ẹ́, Dolby Atmos sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ sanwó. Iṣẹ́ wọn ni láti tan etí jẹ kó rò pé ohùn ń bọ̀ láti òkè tàbí láti ẹ̀yìn. Bí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì yín náà bá wá ní bọ́tìnnì "7.1", tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà, tí ẹ sì tàn án, ohun tí kọ́ńsóòlù ti pò tán ni hẹ́dísẹ́ẹ̀tì á tún máa pò. Ohùn á wá dà bí èyí tó ń ti inú àgbá wá, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá iwájú ni ìbọn ti dún tàbí ẹ̀yìn. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ pa ìyókù. Èmi máa ń fi ti kọ́ńsóòlù sílẹ̀, mo sì ń pa ti hẹ́dísẹ́ẹ̀tì. Nínú géèmù fúnra rẹ̀, ẹ sọ fún un pé etí lẹ fi ń gbọ́, kì í ṣe sípíkà tẹlifíṣọ̀n.

Ní ti 50 mm àti 40 mm tí wọ́n ń kọ gàdàgbàgadagba, ìyẹn bí sípíkà inú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì ṣe fẹ̀ tó, aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bí wọ́n ṣe to ohùn inú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí bọ́ǹbù rẹ̀ ń mi agbárí, torí ìró ẹsẹ̀ máa ń rì sábẹ́ báàsì.

Máìkì

Ẹ má gbé e síwájú ẹnu gan-an. Igun ẹnu ni kó wà, kó fi bíi ìka méjì jìnnà, kí èémí yín má baà máa fẹ́ bí ìjì létí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Bí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì bá ní ètò tó ń jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ara yín, ẹ tàn án díẹ̀. Láìsí i, kíkígbe lẹ ó máa kígbe, gbogbo ilé á sì mọ̀ pé ẹ ń pàdánù.

Bí ẹ bá ń gbọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ṣùgbọ́n tí géèmù dákẹ́ létí yín, ẹ yẹ ètò ohùn PlayStation wò: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ "Chat Audio" nìkan ló ń lọ sí hẹ́dísẹ́ẹ̀tì, ẹ yí i sí "All Audio". Bí ẹnikẹ́ni ò bá sì dá yín lóhùn, ẹ wo bọ́tìnnì tó ń pa máìkì kí ẹ tó bínú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Bátìrì

Wákàtí tí wọ́n kọ sí páálí, ìwọ̀n ohùn kékeré ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, bóyá pẹ̀lú iná aláràbarà tí wọ́n ti pa. Ẹ má jẹ́ kó kú pátápátá kí ẹ wá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bátìrì lítíọ́mù kò fẹ́ràn òfo, kò sì fẹ́ràn ooru. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ẹ jẹ́ kó wà ní bíi ìdajì. Kí ẹ tó rà á, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ṣeé lò nígbà tó bá wà lórí ṣáájì, torí àwọn kan wà tí wọ́n á dákẹ́ ní gbàrà tí ẹ bá ti ki wáyà bọ̀ wọ́n.

Ẹ má fi ìró ẹsẹ̀ ta etí yín

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, ẹ lè tún un ṣe lọ́la. Etí ò ní àtúnṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwọ̀n lélẹ̀ fún àgbàlagbà: dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 80 (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Fún ọmọdé, 75 ni. Bí ohùn bá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré lọ sókè, àsìkò yẹn á dín kù sí ìdajì. Bó bá dé 90, wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ ló kù fún yín. Àwa kan ń lo wákàtí mẹ́rin yẹn lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ohun tó ń fà á ni pé a fẹ́ gbọ́ ẹni tó ń yọ́ bọ̀, a wá gbé ohùn sókè títí ìró ẹsẹ̀ fi hàn kedere. Kò pẹ́ tí gìrénéèdì á bú ní ìwọ̀n kan náà yẹn. Púpọ̀ nínú àwọn géèmù ìbọn ní ètò kan nínú ojú ewé ohùn wọn tó ń dín àlàfo tó wà láàárín ohùn kékeré àti ohùn ńlá kù. "Night Mode" ni àwọn mìíràn ń pè é. Ẹ tàn án, kí ẹ wá rẹ ohùn hẹ́dísẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ á gòkè, ìbúgbàmù á wálẹ̀.

Bí ẹ bá ń lo awò, ẹ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú hẹ́dísẹ́ẹ̀tì fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó pinnu láti mú un. Ìṣẹ́jú méjì ò tó: ìgbà tí ogún ìṣẹ́jú bá ń kọjá lọ ni apá awò á bẹ̀rẹ̀ sí í gún yín lẹ́bàá etí. Tìmùtìmù oníaṣọ máa ń gba apá awò mọ́ra ju èyí tí wọ́n fi awọ ṣe lọ, kì í sì í jẹ́ kí etí làágùn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ariwo ilé á túbọ̀ máa wọlé. Èmi mú oníaṣọ. Hẹ́dísẹ́ẹ̀tì Bluetooth ọjọ́ kìíní yẹn ṣì wà, ọwọ́ àbúrò mi ló wà, ó ń fi gbọ́ orin lórí fóònù, kò sì tíì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn páálí.